Ta Ni Ó Dè É? Ọ̀rọ̀-Ìṣe àti Àmì lára Asà Ìdílé Shakespeare àti ti Hawkins

Kò sí ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí kò lè ka ìtumọ̀ asà orílẹ̀-èdè Nàìjíríà fún olùkọ́ rẹ̀ láìsinmi. Ojú asà tí ó dúdú ni ilẹ̀ ọlọ́ràá. Ìlà funfun tí ó rí bíi lẹ́tà Y ni odò Ọya àti odò Bẹ́núé níbi tí wọ́n ti pàdé. Idì pupa ni agbára. Ẹṣin funfun méjì tí ó gbé asà náà ró ni iyì. Èyí kò burú. Ìjọba tí ó ni àmì náà ni ó sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún wa, a kò sì lè bá onínǹkan jiyàn lórí nǹkan rẹ̀. Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ ni ìgbà tí ọmọ náà bá dé ilé-ìwé girama, tí a wá gbé ewì tàbí àrokò síwájú rẹ̀ pé kí ó sọ ohun tí ó rí. Ohun tí ó kọ́ nípa asà ìjọba ni yóò fà yọ. Kìnnìún dúró fún agbára. Ẹyẹlé dúró fún àlàáfíà. Ọ̀kọ̀ dúró fún ogun. Àwa tí à ń máàkì ìwé wọn kò sì ràn wọ́n lọ́wọ́, nítorí pé bí a bá ti rí "dúró fún" nínú ìdáhùn, a ti fún wọn ní máàkì. Èmi tí mo ń kọ èyí ti ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà.

Ohun tí a fẹ́ sọ nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé àmì kì í ní ìtumọ̀ títí ẹni tí ń wò ó yóò fi rí ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀. Ọ̀rọ̀-orúkọ ni àwòrán. Ẹni tí ó bá ya ọ̀kọ̀, "ọ̀kọ̀" nìkan ni ó tíì sọ. Kò tíì sọ ẹni tí ó jù ú, tàbí ẹni tí ó rọ ọ́, tàbí ẹni tí ó gún. Asà ìdílé méjì láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹnikẹ́ni lè bi wá pé kí ni asà òyìnbó ń wá láàárín àwọn olùkọ́ Yorùbá. Ìdáhùn wa ni pé àwọn àmì tiwa ti mọ́ wa lójú jù. A ti mọ ìtumọ̀ wọn kí a tó wò wọ́n, nítorí náà a kì í rí bí a ti ṣe ń wò wọ́n.

Asà ni a ń sọ o, kì í ṣe àṣá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àṣá náà ń bọ̀ níwájú. Láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá ni àwọn jagunjagun orí ẹṣin ní ilẹ̀ Yúróòpù ti ń kun asà wọn ní àwọ̀ àti àwòrán, nítorí pé àṣíborí irin ń bo ojú wọn, ẹnìkan kò sì lè dá ẹnìkejì mọ̀. Nígbà tí ó yá, asà bọ́ lọ́wọ́ ogun, ó di ohun ìdílé tí ọmọkùnrin ń jogún lọ́wọ́ baba. Ní London, College of Arms tí Ọba Richard kẹta dá sílẹ̀ ní 1484 ni ó ń bójú tó o. Nígbà tí a óò fi dé ìgbà Ọba-bìnrin Elizabeth kìn-ín-ní, kì í ṣe jagunjagun nìkan ni ó ń gba asà mọ́. Ẹni tí ó bá lówó lọ́wọ́, tí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sì gbà pé ó jẹ́ ọmọlúwàbí ìlú, lè tọrọ rẹ̀.

Bàbá William Shakespeare wà lára àwọn tí ó tọrọ. John ni orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ ìbọ̀wọ́ rírán ni ó ń ṣe ní Stratford-upon-Avon, ó sì ti jẹ́ olórí ìlú náà rí. Ogúnjọ́ oṣù kẹwàá ọdún 1596 ni wọ́n fún un ní asà. Ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà pé William, tí ó ti ń rí owó nídìí eré nígbà náà, ni ó wà lẹ́yìn ètò náà. Bí asà náà ṣe rí nìyí: wúrà ni ojú rẹ̀; ọ̀já dúdú kan dábùú rẹ̀ láti igun òkè wá sí ìsàlẹ̀ ní òdìkejì; ọ̀kọ̀ wúrà tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ fàdákà wà lórí ọ̀já náà. Lókè, níbi tí orí jagunjagun ì bá wà, àṣá funfun kan na ìyẹ́, ó sì fi ẹsẹ̀ di ọ̀kọ̀ wúrà mìíràn mú lóòró.

Gbé èyí fún akẹ́kọ̀ọ́ wa, yóò sọ fún ọ pé jagunjagun ni ìdílé yìí. Aránbọ̀wọ́ ni wọ́n. Ọ̀kọ̀ wà níbẹ̀ nítorí pé ó wà nínú orúkọ wọn. Bí a bá pín orúkọ náà sí méjì ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, apá kìíní ni "mì", apá kejì ni "ọ̀kọ̀": ẹni tí ń mi ọ̀kọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tún un wò. Ọ̀kọ̀ nìkan ni ayàwòrán yà. Kò ya "mì". Ọ̀kọ̀ ara asà sùn jẹ́ẹ́ lórí ọ̀já, èyí tí àṣá mú dúró gbọn-in. Ẹni tí ó bá ti mọ orúkọ ìdílé náà ni yóò fi ọ̀rọ̀-ìṣe kún un láti inú ara rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò fi ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn kún un, yóò sì ṣìnà.

Ohun tí àwọn baba wa mọ̀ nìyí nígbà tí wọ́n ń pa àrokò. Bí ọkùnrin bá di owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí obìnrin, ó ní ọkàn òun fà sí i. Bí obìnrin náà bá dá mẹ́jọ padà fún un, ó ní èrò àwọn méjèèjì jọ. Bí wọ́n bá fi òòyà ránṣẹ́ sí ènìyàn, ìyẹn ni pé ó ti yà. Nínú ìwé ìdánwò, a máa ń gba "owó ẹyọ mẹ́fà dúró fún ìfẹ́" gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn tí ó tọ̀nà. Kò tọ̀nà tó. "Ìfẹ́" kò sí nínú ẹ̀fà. "Fà" ni ó wà nínú rẹ̀. "Jọ" wà nínú ẹ̀jọ, "yà" wà nínú òòyà. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni gbogbo wọn. Ẹni tí ó pa àrokò wá nǹkan tí orúkọ rẹ̀ ní ọ̀rọ̀-ìṣe nínú, ó fi í ránṣẹ́, ẹni tí ó gbà á sì fi olùwà àti àbọ̀ kún un nítorí pé ó mọ ẹni tí ó rán an wá. Gbólóhùn odindi ni ó wà nínú ẹyọ mẹ́fà yẹn. Ìdí sì nìyí tí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá kò fi lè ka àrokò Yorùbá, bí ó ti wù kí ó ka iye ẹyọ tó.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ sí i lórí asà Shakespeare, nítorí pé ohun méjì wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí olùkọ́ èdè mọ̀. Gbólóhùn kan wà tí ó bá asà náà rìn, ní èdè Faransé àtijọ́: Non Sanz Droict, èyí tí ó túmọ̀ sí pé kì í ṣe láìní ẹ̀tọ́. Nínú ìwé tí akọ̀wé kọ́kọ́ kọ, ó fi kọ́mà sí ẹ̀yìn Non. Bí kọ́mà bá wà níbẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ di "Rárá, láìní ẹ̀tọ́." Ó fagi lé e, ó sì tún un kọ. Bóyá àṣìṣe ni, bóyá àwàdà ni, àwọn onímọ̀ ń jiyàn lé e. Àwa tí à ń bá àwọn ọmọ jà lójoojúmọ́ nítorí àmì ohùn kò níí fi kọ́mà yẹn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀tọ́ tí wọ́n ń sọ náà kò sì fìdí múlẹ̀ ní ojú gbogbo ènìyàn. Ìwé asà náà sọ pé Ọba Henry keje ti san ẹ̀san fún àwọn baba ńlá ìdílé yìí nítorí iṣẹ́ akọni; àwọn òpìtàn wá àkọsílẹ̀ ẹ̀san náà, wọn kò rí i. Ní 1602, Ralph Brooke tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ College of Arms fẹ̀sùn kan ọ̀gá rẹ̀, William Dethick, pé ó ń fi asà fún ẹni tí kò tó bẹ́ẹ̀, orúkọ Shakespeare sì wà nínú àwọn tí ó kà. Ẹ̀bẹ̀ ni asà, kì í ṣe ẹ̀rí. Ìdílé ń fi í sọ ohun tí ó ń fẹ́ kí ayé gbà gbọ́ nípa òun.

Èkejì jẹ́ ohun ìbànújẹ́. Ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹjọ ọdún 1596 kan náà ni wọ́n sin Hamnet, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí William bí. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni. Oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni asà tí ó yẹ kí ọmọ náà jogún dé. William kú ní 1616 láìní ọmọkùnrin. Asà náà wà lókè ère rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì Holy Trinity ní Stratford títí di òní, láìsí gbólóhùn tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin, Elizabeth, kú ní 1670 láìbímọ, ìran rẹ̀ sì parí síbẹ̀. Èmi kò lè wo àṣá tí ó na ìyẹ́ yẹn kí n sọ pé ó dúró fún ìgbéraga, kí n sì kọjá lọ.

Ní ti asà kejì, ọ̀ràn rẹ̀ wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. John Hawkins ni ó ni ín, atukọ̀ ará Plymouth. Ní 1562 ni ó kọ́kọ́ ṣíkọ̀ lọ sí etíkun Áfíríkà ní apá Sàró, ó kó ènìyàn níbẹ̀, ó sì rékọjá òkun láti tà wọ́n fún àwọn ará Spain ní erékùṣù Hispaniola. Ìròyìn ìrìn-àjò náà tí Richard Hakluyt tẹ̀ jáde sọ pé wọn kò dín ní 300, idà sì wà lára ohun tí ó fi kó wọn. Ó tún lọ ní 1564. Ọba-bìnrin Elizabeth yá a ní ọkọ̀ ojú omi fún ìrìn-àjò kejì yìí. Jesus of Lübeck ni orúkọ ọkọ̀ náà, ẹ kò ṣì í kà. Kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá ni ó ti kó àwọn ènìyàn wọ̀nyí, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ di tiwa. Ní 1565 ni wọ́n fún un ní asà. Dúdú ni ojú rẹ̀. Kìnnìún wúrà kan ń rìn lórí ìgbì òkun. Owó wúrà rìbìtì mẹ́ta wà lókè kìnnìún náà. Lórí àṣíborí, ní ibi kan náà tí àṣá Shakespeare wà, ọkùnrin adúláwọ̀ kan ni ó wà níbẹ̀, láti ìbàdí sókè, tí okùn wà lára rẹ̀.

Mo ya asà méjèèjì yìí sára pátákó fún àwọn tí wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, mo sì ní kí wọ́n kà wọ́n. Wọ́n ka ti Shakespeare bí mo ti rò pé wọn yóò kà á. Nígbà tí ó kan ti Hawkins, ọmọbìnrin kan nawọ́. Ó ní, "Sà, ìdílé yìí ti ṣe ẹrú rí." Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì ṣàlàyé pé Hawkins kọ́ ni ẹrú, òun ni ó kó wọn. Kò jókòó. Ó ní, "Sà, ẹ ní kìnnìún yẹn, Hawkins ni. Ẹ ní àṣá yẹn, Shakespeare ni. Kí ló wá dé tí ẹni tí wọ́n dè yìí kì í ṣe Hawkins?" Aago lù kí n tó rí ohun tí n ó wí.

Mo ti rò ó láti ìgbà náà, mo sì gbà pé ó jàre. Oríkì ni ó fi ń ka asà. Nínú oríkì orílẹ̀, ohun tí apohùn bá dárúkọ kò lè wà níbẹ̀ láìsọ ohun tí ó fi jẹ́ ti ẹni tí à ń kì. Bí ó bá dárúkọ ẹkùn, yóò sọ bóyá ọmọ ẹkùn ni ẹni náà, tàbí apẹkùn, tàbí ẹlẹ́kùn. "Ọmọ", "a-pa", "oní": kò sí bí ó ti lè yẹra fún ọ̀kan nínú wọn. Ọmọ ẹkùn àti apẹkùn kì í ṣe ọ̀kan náà. Asà kò ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Kìnnìún àti ọkùnrin tí ó wà nínú okùn jọ wà lára ohun kan náà, ọ̀kan ni olówó, èkejì ni ọjà, kò sì sí nǹkan kan lára àwòrán náà tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Àwọn ènìyàn ìgbà Hawkins kò nílò rẹ̀, nítorí pé wọ́n ti mọ ẹni tí ó jẹ́ ọjà kí wọ́n tó wò ó. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kò mọ̀ ọ́n. Àìmọ̀ rẹ̀ ni ó jẹ́ kí ó rí ohun tí asà náà ń fi pamọ́.

Ẹ gbìyànjú láti fi Yorùbá sọ ohun tí ó wà lórí àṣíborí yẹn. Gẹ̀ẹ́sì lè sọ nípa ọkùnrin náà pé dídè ni ó wà, kí ó sì parí gbólóhùn síbẹ̀ láìfi ẹnikẹ́ni ṣe olùwà. Àwa ní "òǹdè" lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-orúkọ ni ìyẹn. Bí a bá fẹ́ sọ ọ́ ní gbólóhùn, "wọ́n dè é" ni tàbí "a dè é". Bí mo bá ní wọ́n dè é, ọmọ kíláàsì yóò bi mí pé àwọn wo. Bí mo bá ní a dè é, mo ti fi ara mi kún un. Èdè wa kò jẹ́ kí okùn so ara rẹ̀ mọ́ ènìyàn. Nínú ìròyìn ìrìn-àjò, Hawkins ni olùwà: òun ni ó lọ, òun ni ó kó wọn, òun ni ó tà wọ́n. Lórí asà, a rí okùn, a rí ẹni tí ó wà nínú rẹ̀, olùwà ti pòórá. Ó pòórá níbi tí ó yẹ kí a ti rí i jù lọ, nítorí pé asà tirẹ̀ ni.

Kí a má wá fi èyí fọ́nnu. Karin Barber, nínú ìwé tí ó kọ lórí oríkì ní Òkukù, tí ó jáde ní 1991, fi hàn pé oríkì kì í kọ̀ láti sọ ohun tí kò dára nípa ẹni tí à ń kì, òtítọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n oríkì àwọn ológun Ìbàdàn ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún kò tijú ẹrú kíkó, púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó kò sì ní orúkọ níbẹ̀ bí ọkùnrin orí àṣíborí yìí kò ti ní orúkọ. Ìyàtọ̀ tí mo rí kò ju pé oríkì ń sọ ẹni tí ó kó wọn lọ. Fún ẹni tí ń ṣe lámèyítọ́, ìyàtọ̀ náà kì í ṣe kékeré.

Ẹnìkan lè ní ìtumọ̀ kan náà ni adúláwọ̀ máa ń ní lára asà òyìnbó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lára asà àwọn bíṣọ́ọ̀bù Freising ní ilẹ̀ Jámánì, láti 1316, orí adúláwọ̀ kan wà tí ó dé adé pupa. Póòpù Benedict kẹrìndínlógún, tí ó ti jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù àgbà Munich àti Freising rí, gbé orí náà sára asà tirẹ̀ nígbà tí ó jẹ́ póòpù láti 2005 títí di 2013. Ẹni tí ó dé adé ni ti ibẹ̀. Òǹdè ni ti Hawkins. Àwọ̀ ara kan náà ni wọ́n ní. Ohun tí wọ́n ń ṣe, tàbí tí wọ́n ṣe sí wọn, ni ó yàtọ̀.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2006, ní orílẹ̀-èdè Gambia, ọkùnrin òyìnbó kan tí ó ń jẹ́ orúkọ Hawkins, tí ó sì ní òun jẹ́ àtọmọdọ́mọ John Hawkins, fi ẹ̀wọ̀n sọ́rùn ara rẹ̀, ó kúnlẹ̀ lójú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn, ó sì tọrọ àforíjì. Ìyáàfin Isatou Njie-Saidy, igbákejì ààrẹ orílẹ̀-èdè náà nígbà náà, ni ó bọ́ ẹ̀wọ̀n náà kúrò lọ́rùn rẹ̀. Àwọn kan ní àṣehàn lásán ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni pé ọkùnrin yẹn ka àmì ìdílé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ mi ti kà á: ó fi Hawkins sínú ìdè náà. Inú mi sì dùn pé mo ti lè ròyìn rẹ̀ fún ọmọbìnrin náà.

Ó kù kí a sọ ti ìdánwò. Mo dábàá pé kí a yé béèrè pé kí ni àmì báyìí dúró fún. Kí a fún akẹ́kọ̀ọ́ ní àrokò kan, tàbí ilà ojú, tàbí àwòrán ara ilẹ̀kùn ààfin, kí a ní kí ó kọ gbólóhùn mẹ́ta nípa rẹ̀ tí "dúró fún" kò ní sí nínú ọ̀kankan. Máàkì méjì fún ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó bá yàn, bí ó bá lè sọ ìdí tí ó fi yàn án. Méjì fún olùwà. Ọ̀kan fún ohun tí ó bá mọ̀ nípa ẹni tí ó ni àmì náà. Mo mọ̀ pé yóò gba àkókò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo sì mọ iye ìwé tí à ń kó jọ síwájú olùdánwò kan lọ́dọọdún. Ìlànà ìmáàkì náà kò le. Èyí tí ó bá kọ "wọ́n dè é" tí kò sì sọ àwọn tí "wọ́n" jẹ́, ìdajì máàkì olùwà ni kí a fún un.